Ẹ Jẹ́ kí Ìwé Alágbàtà Ilé Sọ Yorùbá

Mo gbọ́ ọ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, pé èdè Yorùbá dára fún ewì, ó dára fún ìtàn, ó dára fún oríkì àti ẹsẹ Ifá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àdéhùn lórí owó àti ilé, kí a yáa fi í sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ òfin ti ń já. Èmi kò gbà. Ọbaníkòró ni mo ń gbé, mo sì ń rí ohun tí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń yìn yìí ń fi ojú àwọn àgbàlagbà rí níbẹ̀. Nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n bá yín fa ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ sì má bínú bí ohùn mi bá le díẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Ọbaníkòró, ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú ló wà, bí a bá ti kọjá Palmgrove kí a tó dé Anthony, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú. Orúkọ oyè ìjòyè Èkó ni àdúgbò náà ń jẹ́, nítorí Ọbaníkòró ni olórí àwọn ìjòyè Ògáládé, àwọn tí ọ̀rọ̀ ètùtù ìlú wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí àwọn bàbá wa kọ́ síbẹ̀ ti di ohun tí àwọn olówó ń wá kiri láti rà, kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì fi ilé alájà mẹ́rin rọ́pò rẹ̀. Onílé ti darúgbó, tàbí kó ti kú; àwọn ọmọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston. Bí ẹ bá ń rìn lọ ní àwọn òpópó inú rẹ̀, ẹ óò rí i lára ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí olùrà ṣọ́ra. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àfi bí ẹni pé gbogbo gbájúẹ̀ ló ti ka ìwé mẹ́fà!

Nígbà tí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ilé títà ní Èkó, gbájúẹ̀ àti ọmọ onílẹ̀ ni gbogbo ẹnu máa ń dá lé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lé àwọn ajagungbalẹ̀ lórí ní 2016, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò bá olè wí lónìí. Alágbàtà ilé tí kò jalè ni mo ń bá wí, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní ajẹ́ńtì, tí ó ní ọ́fíìsì, tí ó ń wọ táì, tí kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, tí ó sì lè fi ìwé ojú ewé méjì péré gba owó ńlá lọ́wọ́ opó láìrú òfin kankan.

Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àbúrò bàbá mi obìnrin. Ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kan ni ọkọ wọn kọ́ fún wọn ní Ọbaníkòró kí ó tó kú, orúkọ wọn ló sì wà nínú ìwé rẹ̀. Màmá yìí ń ka Bíbélì Yorùbá láìsí wàhálà, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn Aláròyé bí wọ́n bá rí i. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni Gẹ̀ẹ́sì tiwọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, tí ọmọ wọn sì ní kí wọ́n wá máa bá òun gbé ní Abẹ́òkúta, wọ́n pinnu láti ta ilé náà. Alágbàtà kan dé, ọmọ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, “Màmá, ẹ kàn bá mi tọwọ́ bọ ìwé yìí ni, kí àwọn tó bá fẹ́ rà á lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ rán mi.” Wọ́n ní, “Kí ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi?” Ó ní, “Ohun tí a jọ sọ náà ni, Màmá.” Wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Oṣù mẹ́ta kọjá, alágbàtà kò mú ẹnì kankan wá. Ní oṣù kẹrin, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn tó wà ní Ìbàdàn gbọ́ pé ilé fẹ́ jáde kúrò lọ́wọ́ ẹbí, ó sì wá rà á ní mílíọ̀nù 80 náírà. Inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà lọ́yà dé: ìdá 5 nínú 100, ìyẹn mílíọ̀nù 4 náírà, kí Màmá san án fún alágbàtà láàárín ọjọ́ méje. Màmá rò pé orí ọkùnrin náà ti dàrú ni. Wọ́n ní, “Ta ló mú wá? Ṣé òun ló fi ọmọ ọkọ mi mọ̀ mí ni?” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé náà, mo rí i pé ọkùnrin náà kò purọ́. Ó wà ní ojú ewé kejì, ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ tónítóní, pé òun nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti ta ilé náà fún oṣù mẹ́fà, àti pé ẹni yòówù kó rà á, ọ̀nà yòówù kí olùrà gbà wá, owó òun pé. Lọ́yà tí a lọ bá ní a lè jà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà lè gba ọdún púpọ̀. Wọ́n dúnàá-dúrà, Màmá san mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé, “Bí ó bá ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí ọmọ inú mi bá rà á òun yóò gbowó, ǹ bá ti ní kó gba ilé rẹ̀ lọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé Yorùbá kò lè ru ọ̀rọ̀ àdéhùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo gbólóhùn yẹn. *Bí ọmọ inú mi bá rà á, òun yóò gbowó.* Kí ló wà nínú ìpínrọ̀ gígùn tí lọ́yà kọ tí gbólóhùn yìí kò sọ? Ìyá tí kò lọ sí yunifásítì ló sọ ọ́, ó sì yé ọmọdé.

Oríṣi àdéhùn mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàárín onílé àti alágbàtà. Nínú èkíní, onílé lè rán alágbàtà mẹ́wàá, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú olùrà wá ló ni owó. Èmi ń pe ìyẹn ní àgbàtà ẹni-bá-yá. Nínú èkejì, alágbàtà kan ṣoṣo ni onílé rán, kò gbọdọ̀ rán òmíràn títí àkókò àdéhùn yóò fi pé, ṣùgbọ́n bí onílé bá fúnra rẹ̀ rí olùrà, kò jẹ alágbàtà ní gbèsè. Mo ń pè é ní àgbàtà ẹnìkan. Ẹ̀kẹta ni ó mú Màmá: bí olùrà ti inú ilé wá ni o, bí ó ti òde wá ni o, alágbàtà yóò gbowó rẹ̀. Àgbàtà tinú-tòde ni mo sọ ọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe èkejì àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹ̀kẹta jọ ara wọn bí ìbejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́ òfin yóò rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Lórí ilé Màmá, mílíọ̀nù 4 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Àwọn tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń já, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin lórí àwọn alágbàtà ilé ní 1979. Nígbà tí ó di 1991, wọ́n tún ṣe ìlànà lé e pé bí alágbàtà bá lo èyíkéyìí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan nínú àdéhùn rẹ̀, ó di dandan kí ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún onílé, ìjọba ló sì kọ ìtumọ̀ náà kalẹ̀ fún un. Méjì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà ni ìbejì tí mo sọ yìí. Ẹ rò ó wò. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni onílé, Gẹ̀ẹ́sì ni alágbàtà, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá tó bí àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìjọba wọn kò gbà pé ọ̀rọ̀ náà yé onílé. Àwa wá gbé e fún opó ní Ọbaníkòró, a ní kó tọwọ́ bọ̀ ọ́!

Ọ̀rọ̀ kẹta nínú ìlànà yẹn tún burú ju àwọn ìbejì lọ. Ó ń sọ nípa olùrà tó ti ṣe tán, tó fẹ́, tó sì lágbára láti rà. Bí ó bá wà nínú àdéhùn pé ohun tí alágbàtà yóò gbowó lé lórí ni pé ó mú irú olùrà bẹ́ẹ̀ wá, onílé lè jẹ gbèsè bí ó tilẹ̀ yí ọkàn padà tí kò ta ilé mọ́. Kò sí owó tó wọlé, ṣùgbọ́n owó yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọ pé ìgbà tí títà bá parí ni owó tó pé, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹjọ́ Luxor àti Cooper tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin láàárín wa mọ̀. Ẹgbẹ̀rún 10 pọ́n-ùn ni alágbàtà ń béèrè. Ó ti mú olùrà wá, olùrà ti ṣe tán, onílé ló padà lẹ́yìn. Wọ́n ní kò ní gbowó, nítorí ìgbà tí títà bá parí ni àdéhùn sọ pé owó rẹ̀ tó pé, títà kò sì parí. Gbólóhùn kan ni ẹgbẹ̀rún 10 pọ́n-ùn náà rọ̀ mọ́.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ tan ara wa jẹ pé Yorùbá kò ní àléébù tirẹ̀ níbí. Ó ní in. Ní 1900, ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, pé ẹni tí a rán pé kó wá olùrà kò ní agbára láti tọwọ́ bọ ìwé títà lórúkọ onílé, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán pé kó *ta* ilé lè ní in. Àwa ńkọ́? “Bá mi ta ilé yìí” ni gbogbo wa ń wí, èrò ọkàn wa sì ni pé kí ó wá ẹni tí yóò rà á. Èdè wa fi méjèèjì sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Bí alágbàtà bá wá mú ìwé agbára aṣojú wá, tí ó fún un láyè láti tà, láti gbowó, àti láti fi ìwé lé olùrà lọ́wọ́, onílé yóò rò pé “bá mi tà á” àná náà ni. Iṣẹ́ nìyí fún ẹ̀yin onímọ̀ èdè. Ẹ fi àlà sí àárín *wá olùrà fún mi* àti *tà á lórúkọ mi*, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó má baà jẹ́ pé inú ilé-ẹjọ́ ni onílé yóò ti kọ́ ìyàtọ̀ wọn.

Ohun kan tún wà tí ó ń bí mi nínú ju èyí lọ. Ọ̀rọ̀ alágbàtà, ọjà ni a ti mú un wá. Ìyá alágbàtà tó gba aṣọ tàbí ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín mọ iye tí olúwarẹ̀ fẹ́ gbà, ohun tó bá sì rí lórí rẹ̀ ni èrè tirẹ̀. Gbogbo ọjà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣà yìí dé orí ilé ní Èkó, ó wọ òkùnkùn. Onílé ní mílíọ̀nù 80 ni òun fẹ́; alágbàtà sọ fún olùrà pé mílíọ̀nù 95 ni; ó fi 15 sápò, ó sì tún padà wá gba ìdá 5 nínú 100 lórí 80! Bí onílé bá gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di tirẹ̀. Bí kò bá mọ̀, èrè ìkọ̀kọ̀ nìyẹn, òfin kò sì gba aṣojú láyè láti jẹ ẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá èyíkéyìí tó ń tajà ní Ṣómólú bóyá ènìyàn lè jẹ èrè orí ọjà kí ó tún gba owó iṣẹ́ lórí ọjà kan náà. Yóò fún yín ní èsì kíákíá. Ọgbọ́n náà wà nínú èdè rẹ̀. Inú ìwé alágbàtà ni kò sí.

Ti ilé ẹbí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí gbogbo wa ló ti rí irú rẹ̀. Ọmọ kan nínú ọmọ méje ló tọwọ́ bọ ìwé alágbàtà, ni ó bá di ìjà. Láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ó ti hàn kedere pé bí àwọn mọ̀lẹ́bí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì tà á lórúkọ ẹbí láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, kì í ṣe òfo, ṣùgbọ́n wọ́n lè lọ fagi lé e. *Òfo* àti *ó ṣeé fagi lé*: ẹni tó bá ní Yorùbá kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, òun ni kò gbọ́ Yorùbá.

Èsì tí mo mọ̀ pé ẹ óò kọ́kọ́ fún mi ni pé èdè ilé-ẹjọ́ gíga wa ni Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ìwé tí a bá kọ ní Yorùbá yóò nílò ògbufọ̀ kí adájọ́ tó gbà á wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí onílé ń bá alágbàtà tọwọ́ bọ̀, a kì í gbé e lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ilẹ̀ ní Alausa. Gómìnà kì í buwọ́ lù ú, bí Òfin Ilẹ̀ 1978 ti ní kí ó buwọ́ lu títà fúnra rẹ̀. Àárín ènìyàn méjì ló wà. Bí ibì kan bá wà tí Yorùbá lè ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni. Kí a kọ ọ́ ní ọ̀nà méjì, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, kí a sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ti Yorùbá ni a óò tẹ̀ lé.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò kọ̀ ọ́. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni òfin ti wà pé ẹni tó bá kọ ìwé fún ẹni tí kò mọ̀wé gbọdọ̀ kà á fún un, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Àwọn lọ́yà lè máa jiyàn bóyá ìwé tí alágbàtà fúnra rẹ̀ gbé wá bọ́ sábẹ́ òfin náà. Kí wọ́n máa jà á lọ. Òfin àpapọ̀ ti 2018 lórí ìdáàbòbò oníbàárà pẹ̀lú sọ̀rọ̀ nípa èdè tó rọrùn tó sì yé ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Èkó ṣe òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ yóò kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e ta ilé!

Èsì kejì ni pé kò sí ọ̀rọ̀. Èyí ni ó yẹ kó ti ẹ̀yin olùkọ́ wa lójú jù. Àwọn ọ̀gá yín, Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì, ni wọ́n ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìmọ̀ ìkọ́ni fi ní orúkọ lédè wa. Ní 1991, ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin jáde ní èdè mẹ́rin, Yorùbá wà nínú rẹ̀. Aṣòfin rí ọ̀rọ̀ lò, onígírámà rí ọ̀rọ̀ lò. Onílé ní Ọbaníkòró nìkan ni kò tíì kàn.

Kí ẹ sì rántí pé ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ ní Èkó, orí ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó dá lé. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Apapa, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, sì gbé ẹjọ́ náà títí dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì tẹ̀ lé e lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ níbẹ̀ dá a láre. Nínú ìdájọ́ náà, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n má máa fi ọ̀rọ̀ tó wà fún òfin ilẹ̀ tiwọn ṣe òṣùwọ̀n bí àwọn ènìyàn mìíràn ti ní ilẹ̀. Àwọn òyìnbó adájọ́ ti gbà láti ọdún 1921 pé Gẹ̀ẹ́sì lè ṣi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Èkó sọ. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni kò tíì gbà!

Mo ti kọ ìwé àdéhùn kan fúnra mi, ojú ewé kan àti ààbọ̀. Ó sọ irú àgbàtà tí ó jẹ́, ó sọ iye oṣù, ó sọ ìgbà tí owó tó pé, ó sọ pé alágbàtà kò gbọdọ̀ gbé owó lé iye tí onílé dá láìjẹ́ kí onílé mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ẹ̀yin ti ẹ̀ka Yorùbá jókòó tì í pẹ̀lú mi kí sáà yìí tó parí, kí a gbé e fún LASRERA, àjọ tí ìjọba Èkó fi ń mójú tó iṣẹ́ àwọn alágbàtà ilé, kí a sì bẹ àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú, tí wọ́n ń tẹ ìwé ìkésíni òkú àti ti ìgbéyàwó ní Yorùbá lójoojúmọ́, kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́.

Ibì kan ṣì ń dà mí láàmú nínú rẹ̀. Àwọn alágbàtà máa ń kọ ọ́ pé bí àkókò àdéhùn bá tilẹ̀ ti pé, bí ẹni tí àwọn fi ilé hàn nígbà náà bá padà wá rà á láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, owó àwọn ṣì pé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn onílé kan gbọ́n féfé, wọ́n a máa dúró kí àdéhùn parí kí wọ́n tó pe olùrà padà lẹ́yìn alágbàtà. Mo pe oṣù wọ̀nyẹn ní *oṣù ìdúródè*, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á fún Màmá, wọ́n ní ó ń dún bí ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀.